Jeremáyà 29:11 ni mo dúró lé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Kí ló wá ń mì?

Ọmọ_Bárígà kọ:
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́.

Ní alẹ́ ìsọdá ọdún, ìjọ wa pín káàdì fún oníkálukú, ẹsẹ Bíbélì kọ̀ọ̀kan ló wà lára wọn. Jeremáyà 29:11 ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, ìrò àlàáfíà, kì í ṣe fún ibi. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara dígí mi. Nígbà tó di oṣù kejì, wòlíì kan tó wá ṣe ìsọjí fún wa nawọ́ sí mi láàárín èrò, ó ní kí oṣù kẹfà tó tán, màá jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n kọ orúkọ mi sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ṣe àmín títí ohùn mi fi há.

Oṣù kẹfà ti tán. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Iṣẹ́ àdéhùn tí mo ń ṣe, wọ́n ní àwọn ò gbà wá mọ́. Lánlọ́ọ̀dù ti fowó kún owó ilé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, pásítọ̀ wa wàásù láti inú Mátíù 7, ilé orí àpáta àti ilé orí iyanrìn. Ó ní ẹni tó bá fi Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe ìpìlẹ̀, ìjì kankan ò lè wó o. Gbogbo ìjọ ń pariwo, èmi ń ro tèmi: ṣé kì í ṣe Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run náà ni mo dúró lé láti oṣù kìíní ni? Kí ló wá ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi?

Ẹ dákun, ẹ má sọ fún mi pé kí n "gbàgbọ́ sí i". Mo ti gbọ́ ìyẹn.

Alábùkún_Ìkòròdú kọ:
Àkókò Ọlọ́run ló dára jù, arábìnrin. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Fi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tì í lẹ́yìn. Ìyanu rẹ ti wà lójú ọ̀nà, ẹni tó bá gbà á kó ṣe àmín!

Àṣejù_Baba_Àṣetẹ́ kọ:
Àmín. Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe ohun tó ní ká má sọ lẹ sọ yìí?

Olùkọ́_Ẹ̀bútẹ́Mẹ́ta kọ:
Àbúrò mi, kú ìfaradà. Kíláàsì àwọn àgbà ni mo ń kọ́ ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ ti dáhùn ìbéèrè rẹ yìí tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó pín káàdì fún yín rárá. Fi ti ara dígí yẹn sílẹ̀ ná. Ṣí Bíbélì rẹ, má sì bẹ̀rẹ̀ láti orí 29. Orí 28 ni kí o ti mú un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nebukadinésárì ti wá sí Jerúsálẹ́mù, ó ti kó ọba Jekonáyà lọ sí Bábílónì, tòun ti ìyá ọba, àwọn ìjòyè, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn alágbẹ̀dẹ. Àwọn tó kù nílé ń retí ìròyìn ayọ̀. Hananáyà wá dìde nínú tẹ́ńpìlì, lójú àwọn àlùfáà àti gbogbo èèyàn, ó ní "Báyìí ni OLÚWA wí": kí ọdún méjì tó pé, ohun èlò tẹ́ńpìlì á padà, ọba á padà, gbogbo ìgbèkùn á padà wálé. Jeremáyà wà níbẹ̀, ó gbé àjàgà igi kọ́rùn, èyí tí Ọlọ́run ní kó fi ṣe àpẹẹrẹ pé ìsìnrú lábẹ́ Bábílónì ò tíì tán. Ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde? "Àmín! Kí OLÚWA ṣe bẹ́ẹ̀." Òun náà fẹ́ kí wọ́n padà wálé. Hananáyà bọ́ àjàgà náà lọ́rùn rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì lójú gbogbo wọn. (Bó bá jẹ́ Èkó ni, ẹ ò ní rí ojú ilẹ̀ mọ́ nítorí owó tí wọ́n máa ná sí i lára.) Jeremáyà ò bá a jà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ọlọ́run rán an padà: àjàgà igi lo ṣẹ́, ti irin ló máa rọ́pò rẹ̀. OLÚWA ò rán ọ, o sì mú kí àwọn èèyàn wọ̀nyí gbẹ́kẹ̀ lé irọ́. Hananáyà kú lọ́dún yẹn gan-an, ní oṣù keje.

Orí 29 wá jẹ́ lẹ́tà tí Jeremáyà kọ sí àwọn tó wà ní Bábílónì. Ẹ kọ́lé, kí ẹ sì máa gbé inú wọn. Ẹ gbin ọgbà, kí ẹ sì jẹ èso rẹ̀. Ẹ gbéyàwó, ẹ bímọ. Ẹ wá àlàáfíà ìlú tí mo kó yín lọ, ẹ gbàdúrà fún un. Ẹsẹ 10 ní lẹ́yìn tí 70 ọdún bá pé ni màá tó bẹ̀ yín wò. Ibẹ̀ ni ẹsẹ 11 tìrẹ ti wá yọjú. Àgbàlagbà tó gba lẹ́tà yẹn lọ́jọ́ náà, Bábílónì ni yóò kú sí. Ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló máa fojú rí i.

Nítorí náà, ohun tó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, mi ò gbà pé Jeremáyà ni. Hananáyà ni. Wọ́n mú ọdún méjì rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ìlérí tí Ọlọ́run fi 70 ọdún sí.

Bírìkìlà_Ajah kọ:
Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ilé yẹn, torí iṣẹ́ mi ni.

Ti Mátíù ni gbogbo èèyàn ń kà. Ẹ ka ti Lúùkù 6:48: ọkùnrin yẹn walẹ̀, ó wà á jìn, kó tó fi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀ lórí àpáta. Àpáta ò sí lókè, ìsàlẹ̀ ló wà. Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ wa níbí. Láti Lẹkki dé Ajah, ibi tó pọ̀ jẹ́ àbàtà tí wọ́n fi iyanrìn dí. Ẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi ti yọ. Ẹni tó gbọ́n á kọ́kọ́ sanwó àyẹ̀wò ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá rọ̀ jù, wọ́n á gún páìlì, òpó gígùn inú ilẹ̀, lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi kan ibi tó le. Owó ńlá ni, ilẹ̀ ló sì máa gbé e mì, àlejò kan ò ní wá kí ọ pé "páìlì yín dára o". Ìdí nìyẹn tí àwọn onílé kan fi ń sọ pé kí la fẹ́ fi owó yẹn sin sílẹ̀ fún, ẹ jẹ́ ká fi ra táìsì. Bí a bá sì ti rẹ́ ilé tán, tí a kùn ún, bákan náà ni àwọn méjèèjì ń rí láti òde. Èmi tí mo wà níbẹ̀ nìkan ló mọ̀.

(Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ti ilé tó wó ní Ìta Fájì ní 2019 tàbí ní Ìkòyí ní 2021 wọ̀ ọ́ o. Àwọn tó kú níbẹ̀ kì í ṣe àkàwé ìwàásù.)

Ohun tí mo rí nínú àkàwé Jésù tí wọn kì í sábà sọ ni pé àwọn méjèèjì ló gbọ́ ọ̀rọ̀. Òjò kan náà ló rọ̀ lé wọn lórí. Jésù ò sọ pé ẹnì kan ò wá sí ìsìn. Ẹni tó gbọ́ tó sì ṣe é, ẹni tó gbọ́ tí kò ṣe é, ìyàtọ̀ wọn ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò, má bínú sí mi, káàdì ara dígí, gbígbọ́ nìyẹn.

Ìyá_Àdúrà_Ìsàlẹ̀Èkó kọ:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀. Olùkọ́, o ṣàlàyé dáadáa, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n rò pé gbogbo aríran ni Hananáyà.

Kérúbù àti Séráfù ni mí, inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Erékùṣù Èkó níbí ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1925, nígbà tí Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n lọ wo ìwọ́de Corpus Christi ti àwọn Àgùdà, tó sì bọ́ sínú ìran. Mósè Orímọ́ládé, Bàbá Aládùúrà, ni wọ́n ránṣẹ́ pè kó wá gbàdúrà fún un. Ká ní kò sí ìran ni, ẹgbẹ́ tí à ń wí yìí ò ní sí. Jóẹ́lì 2:28 ṣì wà nínú Bíbélì tí ẹ ń kà, pé àwọn arúgbó yín yóò máa lá àlá, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yín yóò máa ríran. Ṣé ẹ fẹ́ ká ya ojú ewé yẹn ni?

Olùkọ́_Ẹ̀bútẹ́Mẹ́ta kọ:
Màmá, ẹ ṣeun mà. A ò ní ya nǹkan kan. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ so méjèèjì pọ̀ nínú 1 Tẹsalóníkà 5: ẹ má ṣe kẹ́gàn ìsọtẹ́lẹ̀, ẹ máa dán ohun gbogbo wò, ẹ di èyí tó dára mú. Ìbéèrè mi ni pé, kí la ó máa fi dán an wò?

Àwọn ará Bèríà inú Ìṣe 17:11, Pọ́ọ̀lù ni wọ́n yẹ̀ wò o! Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò bóyá bẹ́ẹ̀ ni nǹkan wọ̀nyí rí. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn pé "má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró". Ńṣe ni Bíbélì pè wọ́n ní ọlọ́lá. Diutarónómì 18:22 sọ ti wòlíì tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣẹ, pé kí a má bẹ̀rù rẹ̀. Diutarónómì 13 tún le jù bẹ́ẹ̀: bí àmì rẹ̀ bá tiẹ̀ ṣẹ, tó wá ní ká tẹ̀ lé ọlọ́run mìíràn, ká má fetí sí i.

Ẹ sì rántí pé Sátánì mọ Sáàmù 91 lórí. Ó kà á sí Jésù létí lórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì. Jésù ò bá a jiyàn pé kò sí níbẹ̀. "A tún kọ ọ́ pé" ló fi dá a lóhùn. Ẹsẹ kan lè jẹ́ òtítọ́ pátápátá, kí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe jẹ́ ìdẹkùn.

Ìyá_Àdúrà_Ìsàlẹ̀Èkó kọ:
Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ní ilé àdúrà tèmi, bí ẹnì kan bá ríran, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn àgbà á gbé e yẹ̀ wò, ká tó pe ẹni tó kàn. Wòlíì tó dá oṣù kẹfà fún ọmọbìnrin yìí láàárín èrò, ta ló yẹ tirẹ̀ wò? Ẹni tó dá ọjọ́ ni kó wá dáhùn. Ẹ má tún di ààwẹ̀ ru ọmọ ọlọ́mọ.

Alábùkún_Ìkòròdú kọ:
Màmá, mo gbọ́ mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin wọ̀nyí ti ń kàwé jù. Bíbélì náà ló sọ pé ìwé a máa pani, ẹ̀mí ló ń sọni di ààyè. 2 Kọ́ríńtì 3:6.

Olùkọ́_Ẹ̀bútẹ́Mẹ́ta kọ:
Alábùkún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ẹsẹ 7 tó tẹ̀ lé e. Ìwé tí Pọ́ọ̀lù ń sọ ni òfin tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta fún Mósè. Kì í ṣe Bíbélì kíkà ló ń bá wí. Ẹ rí i bí àgékù ṣe ń ṣe wá?

Mo_Kàn_Ń_Béèrè kọ:
Gbogbo yín ń fi ìwé náà ṣe òṣùwọ̀n. Ta ló wá sọ pé ìwé náà ò tíì yí padà? Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti dà á kọ.

Olùkọ́_Ẹ̀bútẹ́Mẹ́ta kọ:
Ìbéèrè gidi ni. Ní 1947, àwọn darandaran rí àwọn ìwé kíká nínú ihò àpáta ní Kúmúránì, lẹ́bàá Òkun Òkú. Odidi ìwé Aísáyà wà nínú wọn, wọ́n ti kọ ọ́ ṣáájú ìbí Jésù. Ẹ̀dà Hébérù tí àwọn ọ̀mọ̀wé ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 1000 ọdún ló fi kéré sí i lọ́jọ́ orí. Wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìyàtọ̀ wà, ibi tó pọ̀ jù jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, àwọn díẹ̀ sì wà tí àwọn olùtumọ̀ ṣì ń jiyàn lé. Ṣùgbọ́n Aísáyà náà ni. Ìyẹn ò fi hàn pé Ọlọ́run ló sọ ọ́ o, ìgbàgbọ́ nìyẹn. Ó kàn fi hàn pé àwọn adàwékọ ò fi iṣẹ́ wọn ṣeré.

Àǹtí_Aláǹkárá kọ:
Kí n sọ tèmi. Ọ̀rọ̀ "ṣíṣe" tí Bírìkìlà sọ ló gún mi lára.

Aṣọ ni mo ń tà ní Balógun. Ẹni tó bá mọ ọjà wa á mọ bí wọ́n ṣe ń wọn aṣọ. Wọ́n á na aṣọ sára ọ̀pá yáàdì, àtàǹpàkò á di ibi tí yáàdì kan parí sí mú, wọ́n á wá yí i bọ́ sí òmíràn. Ibi yíyí yẹn ni àrà wà. Àtàǹpàkò á rọra sún sẹ́yìn, bí ìbú ìka méjì. Bí ẹ bá ra yáàdì mẹ́wàá, ìka méjì-méjì yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì yáàdì. Oníbàárà ò lè rí i, àwọ̀ aṣọ lojú rẹ̀ wà, ẹnu rẹ̀ sì wà lórí iye tí wọ́n máa yọ fún un. Ọgbọ́n ọjà ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa kì í ṣí ìsọ̀ láàárọ̀ láìka Sáàmù.

Gbogbo wa la mọ Òwe 11:1, òṣùwọ̀n èké, ìríra ni lójú OLÚWA. Ìdíje àkọ́sórí ni mo fi ka tèmi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n fún mi ní páálí bisikíìtì. Ṣùgbọ́n ẹ ka Léfítíkù 19:35 sí 36. Ọlọ́run ní ẹ má ṣe èrú nínú ọ̀pá àti nínú ìwọ̀n, ó wá fi kún un pé èmi ni OLÚWA Ọlọ́run yín tí mo mú yín jáde láti ilẹ̀ Íjíbítì wá. Ẹni tó la òkun sí méjì ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí ọ̀pá yáàdì! Nígbà tí mo gba ìsọ̀ tèmi, mo ní aṣọ mi á máa pé.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé mo ti di olówó nítorí ẹ̀. Ẹni tí a jọ kọjú síra ń pe iye tó kéré sí tèmi, torí yáàdì tirẹ̀ kúrú, ojú mi báyìí ni oníbàárà á ṣe kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ọjà bá dákẹ́, ó ń dùn mí dọ́kàn. Àwọn télọ̀ ló wá ń rán èèyàn sí mi, torí àwọn ló ń gé aṣọ, àwọn ló mọ èyí tó pé. Díẹ̀díẹ̀ ni.

Bírìkìlà_Ajah kọ:
Àǹtí, ẹ ti parí ọ̀rọ̀ mà. Aṣọ ẹbí wa ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ o, màá wá yín kàn.

Ọmọ_Bárígà kọ:
Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Mo ka Jeremáyà láti orí 26 dé 29, mo kà á sí màmá mi létí nínú Bíbélì Yorùbá tiwọn. Nígbà tí a dé "ẹ gbin ọgbà", màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn mọ ẹnì kan tó ń dúró de ọ́fíìsì tó lórúkọ.

Wọ́n pè mí sí iṣẹ́ olùkọ́ kan ní Ṣómólú. Owó rẹ̀ ò pọ̀, kò sì jọ ohun tí wòlíì sọ, mo sì ti fẹ́ jẹ́ kó lọ. Lọ́jọ́ Ajé màá lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì kù: ṣé ẹsẹ 11 yẹn kì í wá ṣe tèmi ni? Tó bá jẹ́ àwọn ìgbèkùn tó wà ní Bábílónì ló ni ín, kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ìyá_Àdúrà_Ìsàlẹ̀Èkó kọ:
Tìrẹ ni, ọmọ mi. 2 Kọ́ríńtì 1:20 ní iye ìlérí tí Ọlọ́run ṣe, nínú Kristi ni bẹ́ẹ̀ ni wọn wà. Ọlọ́run tó bá wọn sọ̀rọ̀ ò yí padà sí ọ. Ṣùgbọ́n gba ẹsẹ 5 inú Jeremáyà 29 yẹn, ti ilé kíkọ́ àti ọgbà gbígbìn, gba ẹsẹ 10 rẹ̀ mọ́ ọn. Má gbà á ní àgékù. Ọjọ́ tí wọ́n sì bá pè ọ́ síṣẹ́, rọra ṣe é tọkàntọkàn. Àlàáfíà Ṣómólú ni àlàáfíà tìrẹ.

Akérò_BRT kọ:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ẹ kú làákàyè. Èmi kì í ní àyè ni o. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń kúrò ní Ìkòròdú, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó padà. Nínú bọ́ọ̀sì, bí oníwàásù ò bá pariwo, olóògùn jẹ̀díjẹ̀dí á pariwo. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí irú wa máa walẹ̀ jìn?

Olùkọ́_Ẹ̀bútẹ́Mẹ́ta kọ:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà Èkó. Ẹ fi etí kà á. Ohùn Bíbélì Yorùbá wà tí ẹ lè gbà sórí fóònù, ẹ ki ohun èlò sétí, ẹ jẹ́ kí olóògùn máa bá tirẹ̀ lọ. Kò rẹlẹ̀ sí kíkà rárá. Lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, sókè ni wọ́n máa ń kà á sí ìjọ létí. Kólósè 4:16 ní bí ẹ bá kà á tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á ní Laodíkíà náà. Àwọn tó pọ̀ níbẹ̀ ò ní ìwé nílé.

Ìwé kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ sì máa mú. Máàkù ò ju orí 16 lọ. Àwọn baba ńlá wa pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí i gbà. Róòmù tí Àjàyí Crowther túmọ̀ jáde ní 1850, odidi Bíbélì Yorùbá ò jáde títí di 1884. Fún ọdún 34, apá kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á jẹ ẹ́ tán kí òmíràn tó dé. Èmi rò pé ó ṣe wọ́n ní rere ju káàdì ìsọdá ọdún lọ, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún pásítọ̀ mi pé èmi ni mo sọ ọ́.

Akérò_BRT kọ:
Mo máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Máàkù. Ti etí fún bọ́ọ̀sì, ti ojú fún ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àmọ́ ojú mi ò gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ mọ́. Ibo ni wọ́n ti ń ta Bíbélì Yorùbá tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi?

Àǹtí_Aláǹkárá kọ:
Ẹ lọ sí CSS, tí àwa ṣì ń pè ní CMS Bookshop, ní Broad Street, kò jìnnà sí ìsọ̀ mi. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó sanwó o. Àwọn kan tí wọ́n ń tà lójú títì, odidi orí ló máa ń fò nínú wọn.